Kílò 2 ewé tíì délé, kò sẹ́ni tó ń mu ún: kí lèèyàn lè fi ṣe?

Ìbéèrè yìí wọlé lọ́sẹ̀ tó kọjá látọ̀dọ̀ arábìnrin kan ní Ìlọrin, tíṣà ni, mo kàn gé e kúrú díẹ̀: "Ẹ kú iṣẹ́ mà. Àbúrò ọkọ mi tó ń ṣiṣẹ́ ní Taraba ló gbé ewé tíì wá fún wa láti òkè Mambilla, ó tó kílò 2, kì í ṣe ti inú báàgì o, ewé gbígbẹ lásán ni. Àwa ò sì kì í mu irú ẹ̀, Milo làwọn ọmọ mọ̀. Mo ti rí oríṣiríṣi fídíò táwọn èèyàn ti ń fi ewé tíì rẹ aṣọ, tí wọ́n ń fi fọ irun, tí wọ́n ń gbé e sínú fìríìjì, tí wọ́n ń dà á sídìí òdòdó. Mo bá gbìyànjú ẹ̀ lára kọ́tìnnì funfun mi kan, mo fi iyọ̀ àti fínígà sí i bí wọ́n ṣe ní ká ṣe é, ló bá rí bíi pé ẹnì kan tu obì sí i lára, ibì kan pọ́n, ibì kan ò gbà rárá. Ṣé ewé yẹn ló ti bàjẹ́ ni àbí èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n ṣe? Kí ni mo lè fi ìyókù ṣe tí kò fi ní ṣòfò?"

Àbúrò mi, ẹ fọkàn balẹ̀, kò sí nǹkan tó ṣe ewé yẹn. Ewé tíì tó bá ti gbẹ dáadáa, tómi ò kàn án, tí kò bu, kì í tètè bàjẹ́, òórùn dídùn ẹ̀ ló máa ń lọ. Ẹni tó fẹ́ mu ún lè máa ráhùn, àmọ́ agbára tá a nílò fún iṣẹ́ ilé ṣì wà nínú ẹ̀ digbí. Ẹ̀yin náà kọ́ lẹ sì jẹ̀bi tán. Àwọn tó ń ṣe fídíò yẹn á ní ẹ da tíì sí i, ẹ da fínígà sí i, wọn ò ní sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú báàkẹ́ẹ̀tì fún yín, bẹ́ẹ̀ nǹkan méjì péré ni ewé tíì mọ̀ ọ́n ṣe nínú ilé, ẹni tó bá ti mọ méjèèjì á mọ fídíò tó ń sọ òótọ́ àtèyí tó ń tanni. Èmi aláṣọ rírẹ̀ ni mí, ọdún 19 rèé tí mo ti wà lẹ́nu ẹ̀ ní Abẹ́òkúta, kí n sì tó bẹ̀rẹ̀ mo ti lo ọdún 6 ní Birmingham níbi tí mo ti ń tọ́jú àwọn arúgbó nílé wọn, ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí i pé ewé tíì ń ṣe nǹkan míì yàtọ̀ sí mímu.

Kí n tó lọ jìnnà, orúkọ yìí gan-an ń da àwa Yorùbá láàmú. Gbogbo ohun gbígbóná tó bá ti wà nínú kọ́ọ̀bù ni tíì lọ́dọ̀ wa, Milo ni tíì, Bournvita ni tíì. Ewé tíì táwọn ìyá wa gbìn sẹ́yìn ilé, tá a máa ń já sínú àgbo ibà, koríko ọba nìyẹn, kò bá tíì gidi tan níbì kankan. Zobo náà kì í ṣe tíì. Tíì gidi, igi kan ṣoṣo ni, Camellia sinensis lorúkọ tí wọ́n ń pè é nínú ìwé, ewé kan náà ló ń di tíì dúdú, òun ló ń di tíì aláwọ̀ ewé, bí wọ́n bá ṣe ṣe é lẹ́yìn tí wọ́n já a ló máa sọ èyí tó máa dà. Òun ni wọ́n ń gbìn ní Kakara lórí òkè Mambilla níbi tí òtútù ti ń mú, òun náà ni ti Kericho ní Kenya. Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ ni pé obìnrin kan pè mí rí pé òun ti se ewé tíì láti àárọ̀, aṣọ òun ò pọ́n, mo ní kó ya fọ́tò ẹ̀ kí n wò ó, àṣé koríko ọba ló kó sínú ìkòkò.

Nǹkan àkọ́kọ́ nínú méjì tí mo wí ni ohun tó máa ń fa ahọ́n pọ̀. Ẹ po ewé yín kó le dáadáa, ẹ má fi ṣúgà àti mílíìkì sí i, ẹ fi kan ẹnu: ahọ́n á gbẹ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á sún kì, bí ìgbà téèyàn bá jẹ obì láàárọ̀ kùtùkùtù. Tánnìn ni wọ́n ń pe ohun tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó wà nínú obì, ìyẹn ni omi obì tó bá ta sára aṣọ funfun kì í fi í lọ bọ̀rọ̀, ó wà nínú èèpo igi táwọn oníṣẹ́ awọ fi ń sọ awọ ẹran di ohun tí kì í rà mọ́. Tánnìn fẹ́ràn òwú, ó fẹ́ràn awọ, ó wá fẹ́ràn irin ju gbogbo wọn lọ. Nǹkan kejì ni pé ewé tíì gbígbẹ máa ń fa òórùn mọ́ra bí aṣọ ṣe ń fa omi. Ní Fuzhou nílẹ̀ Ṣáínà, bí wọ́n ṣe ń ṣe tíì jasmine nìyẹn, wọ́n á da òdòdó tútù pọ̀ mọ́ ewé gbígbẹ lálẹ́, bílẹ̀ bá mọ́ wọ́n á ṣa òdòdó kúrò, bó bá tún dalẹ́ wọ́n á da tuntun sí i, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á máa ṣe é fún alẹ́ bíi mélòó kan, wọn ò ní fi lọ́fínńdà kankan sí i, ewé yẹn ló ń mu òórùn òdòdó fúnra ẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ ká padà sórí kọ́tìnnì. Ẹ fa fọ́nrán kan yọ níbi ìṣẹ́tí ẹ̀, ẹ fi ìṣáná sun ún lórí àwo. Bó bá ń rùn bíi bébà tó ń jó, tó sì di eérú tó fọ́ túẹ́túẹ́ nígbà tẹ́ ẹ fọwọ́ kàn án, òwú gidi ni. Bó bá yọ́, tó ká jọ, tó wá di kóró dúdú kékeré tó le bí ìlẹ̀kẹ̀, pọlíẹ́sítà ni, ẹ̀ báà se tíì fún un di ọjọ́ àjíǹde kò ní gbà á, torí tánnìn ò rí ibi dì mú lára ẹ̀. Kọ́tìnnì ọjà ìsinsìnyí tún máa ń burú torí pé ilẹ̀ ẹ̀ lè jẹ́ òwú kí òdòdó tí wọ́n rán sí i lára jẹ́ pọlíẹ́sítà, ẹ ò wá rí i pé ibì kan á gbà, ibì kan á wò yín níran. Léèsì náà ńkọ́, púpọ̀ nínú ẹ̀ kì í ṣe òwú, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi fídíò tàn yín kẹ́ ẹ lọ ti léèsì ìyàwó bọ inú tíì o. Àmọ́ ka tiẹ̀ ní òwú ni, tótòtó yẹn ní ìdí míì. Aṣọ tuntun máa ń ní sítáàṣì lára láti ilé iṣẹ́, ibi tí sítáàṣì bá dì sí, aró ò ní wọ ibẹ̀. Mo sì fura pé ẹ da ewé àti aṣọ pọ̀ sínú báàkẹ́ẹ̀tì kan náà. Gbogbo ibi tí ewé bá lẹ̀ mọ́ ni àmì máa wà, bí ojú ṣọ̀npọ̀nná.

Bí mo ṣe máa ń ṣe é rèé: fún òwú yáàdì 2, ewé gbígbẹ ife 2, omi lítà 5. Màá se ewé yẹn nìkan fún bí ìṣẹ́jú 30, màá fi asẹ́ sẹ́ ẹ, màá tún fi aṣọ asẹ́ ògì sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kejì kí èérún kankan má kù síbẹ̀. Màá ti fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ aṣọ ní tiẹ̀, màá sì jẹ́ kó rin gbingbin kó tó wọnú omi tíì, torí aṣọ gbígbẹ tó bá já bọ́ sínú aró, ibi tó kọ́kọ́ kan omi ló máa mu jù. Ẹ lo ìkòkò tó fẹ̀, tí aṣọ á lè máa lúwẹ̀ẹ́ nínú ẹ̀, iná ẹ̀ kékeré fún wákàtí kan, ẹ máa yí i bí ẹni ń ro ọkà, kẹ́ ẹ wá pa iná kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ kó di àárọ̀. Àwọ̀ tẹ́ ẹ bá rí nígbà tó ṣì tutù, ẹ má tíì yọ̀ mọ́ ọn, bó bá gbẹ á ṣí, á wà bíi ti ẹ̀pà tí wọ́n yan tí ò jóná. Ẹni tó ń wá pupa rẹ́súrẹ́sú bíi ti osùn tàbí búlúù bíi ti èlú, kò sí nínú tíì.

Iyọ̀ àti fínígà yẹn wá jẹ́ nǹkan tó máa ń bí mi nínú, torí kò sí fídíò tí wọn ò ti ní sọ ọ́. Tánnìn ò nílò iyọ̀ kó tó di òwú mú, fínígà tiẹ̀ tún ń dín iṣẹ́ ẹ̀ kù. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú kọ́ọ̀bù tíì dúdú kan kẹ́ ẹ wò ó, lójú ẹsẹ̀ ni àwọ̀ ẹ̀ máa ṣí, á pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bí omi oyin, ohun tí kíkan ń ṣe fún un nìyẹn. Ẹ bu kán-ún díẹ̀ sí kọ́ọ̀bù kejì, ìyẹn á dúdú sí i. Ohun tó ń jẹ́ kí àwọ̀ pẹ́ lára aṣọ ni álọ́ọ̀mù, òkúta funfun tẹ́ ẹ fi ń fọ ìgbín yẹn náà ni, ẹ gún un, ẹ po ṣíbí ìjẹun 2 sínú omi gbígbóná, kí aṣọ wà nínú ẹ̀ fún wákàtí mélòó kan kó tó lọ sínú tíì. Síbẹ̀ mi ò ní purọ́ fún yín, oòrùn á mú un ṣí díẹ̀díẹ̀, ojú fèrèsé tí oòrùn ń lù látàárọ̀ ṣúlẹ̀ ni ibi tí mi ò ní fi aṣọ tí mo fi tíì rẹ̀ kọ́ sí láé. Aṣọ tábìlì, àpò ìrọ̀rí, gèlè òwú àtijọ́ tó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ téèyàn ò fẹ́ sọ nù, àwọn yẹn ni tíì dáa fún, pàápàá aṣọ funfun tí epo tàbí omi ọsàn ti ta sí lára tí kò lọ mọ́, ẹ sọ gbogbo ẹ̀ di àwọ̀ tíì kí àlàáfíà wà.

Irin ló wá dùn mọ́ mi jù. Ẹ kó ìṣó tó ti dógùn-ún bíi mẹ́wàá sínú ìgò, ẹ da fínígà bò ó, ẹ dé e wọ̀ǹgẹ̀ẹ̀, ẹ má dé e pinpin, kẹ́ ẹ gbàgbé ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Bẹ́ ẹ bá kán ṣíbí kan nínú omi yẹn sínú tíì tó le, ohun tó pọ́n bí oyin á di dúdú bíi yíǹkì lójú yín báyìí. Yíǹkì gan-an náà sì ni, irú ẹ̀ làwọn ará Yúróòpù fi kọ̀wé fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, tánnìn látara igi oaku àti irin ni wọ́n dà pọ̀. Àwọn aláṣọ ní Mali náà ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, aṣọ bogolanfini tẹ́ ẹ máa ń rí yẹn, ewé igi n'gallama ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń rẹ̀ ẹ́, igi àyìn tàwa fi ń ṣe pákò nìyẹn, lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi ẹrẹ̀ odò tí irin wà nínú ẹ̀ ya àrà sí i lára, ibi tí ẹrẹ̀ bá kàn á dúdú kirikiri. Torí náà bí aṣọ tẹ́ ẹ fi tíì rẹ̀ bá fẹ́ di eérú tàbí dúdú, ẹ rì í sínú báàkẹ́ẹ̀tì omi tẹ́ ẹ kán omi ìṣó ṣíbí kan sí, ìṣẹ́jú márùn-ún péré, kẹ́ ẹ ṣàn án dáadáa. Ẹ má fi ojúkòkòrò ṣe é o, irin tó bá pọ̀ jù máa ń jẹ aṣọ nígbà tó bá yá, mo ní ìró kan tó fà ya láàárín òde torí ẹ̀, inú mi ò dùn lọ́jọ́ náà rárá. Ìkòkò tẹ́ ẹ bá sì ti fi álọ́ọ̀mù tàbí omi ìṣó ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀, kò gbọdọ̀ padà sídìí ọbẹ̀ mọ́.

Ohun kan náà ni mo lò fún agbada ìyá mi. Agbada irin tí wọ́n fi dín àkàrà tà nígbà tá a wà ní kékeré ni, ẹnì kan lọ gbé e sẹ́yìn ilé ìdáná, òjò ọdún kan gbáko rọ̀ sí i, nígbà tí mo máa rí i ó ti pọ́n rúsúrúsú, téèyàn bá fọwọ́ nù ún ọwọ́ á pọ́n. Gbogbo wọn ní kí n tà á fún àwọn onírin àlòkù. Mo rántí ohun tí wọ́n ń ṣe ní Japan sí kẹ́tùlù irin wọn tí wọ́n ń pè ní tetsubin, bó bá ti ń dógùn-ún nínú, ewé tíì ni wọ́n máa ń sè sínú ẹ̀. Mo fi kànìnkànìn onírin ha èyí tó ti ṣí kúrò lára agbada, mo bu omi kún un, mo da ewé ife kan sí i, mo sè é fún bí ìṣẹ́jú 40. Omi yẹn dúdú bí omi èlú, nígbà tí mo sì dà á nù, pupa ti lọ, inú agbada ti di dúdú tó jọ̀lọ̀. Dúdú yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí, ìpẹtà náà ló ti bá tánnìn mulẹ̀ tó di nǹkan míì, kò sì ní máa fi bẹ́ẹ̀ tètè jẹ irin lọ mọ́. Ẹ ṣàn án, ẹ gbé e sórí iná kó gbẹ, ẹ fi òróró pa á, ẹ jẹ́ kó gbóná títí tó fi máa rú èéfín díẹ̀. Àmọ́ tó bá ti jẹ ihò sí i, tíì ò lè rán an, ẹ lọ bá alágbẹ̀dẹ. Ìkòkò àlùmíníọ́mù ò kàn nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá, òun kì í dógùn-ún. Ìfẹ́ tí tánnìn ní sí irin yìí náà ni ìdí tí mo fi máa ń pariwo pé kí aboyún má fi tíì gbé oògùn ẹ̀jẹ̀ mì, torí ó máa di irin inú oògùn yẹn mú nínú ikùn, kò ní jẹ́ kó wọ ara bó ṣe yẹ. Ẹ fi omi gbé e, kẹ́ ẹ wá mu tíì nígbà tó bá ti pẹ́ díẹ̀.

Ti fìríìjì kò lọ títí. Ewé gbígbẹ ni o, ẹ bu ún sínú àwo kékeré, ẹ má dé e, kí ó wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 3 kẹ́ ẹ tó pààrọ̀ ẹ̀. Èyí tẹ́ ẹ ti pò náà ṣeé lò bẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ sá a kó gbẹ kengbe, èyí tó bá ṣì tutù á bu ni, ẹ ó wá fi òórùn kan ra òórùn méjì. Òórùn irú, òórùn àlùbọ́sà, ó máa dín wọn kù, mo ti dán an wò. Àmọ́ tí iná bá lọ fún ọjọ́ 3, tí omi ẹja ti yọ́ wọ abẹ́ dúrọ́ọ̀, kò sí tíì ní Mambilla tó lè gbà yín, ẹ kó ẹrù jáde kẹ́ ẹ wá ọṣẹ. Inú bàtà ilé ìwé àwọn ọmọ ló ti wúlò jù lọ́dọ̀ tèmi, ẹ bu ewé ẹ̀kúnwọ́ kan sínú sọ́kìsì àlòkù, ẹ so ó lẹ́nu, kí ó sun inú bàtà mọ́jú. Ìyẹn náà ló fi yẹ kẹ́ ẹ tọ́jú èyí tẹ́ ẹ fẹ́ mu sínú agolo tó dé pinpin, kó jìnnà sí irú àti ẹja gbígbẹ, torí kò mọ èyí tó yẹ kó fà mọ́ra.

Ní ti òdòdó, ohun tí mo rí táwọn èèyàn ń ṣe ni pé wọ́n á da ìsàlẹ̀ kọ́ọ̀bù tíì tó ní mílíìkì àti ṣúgà sídìí òdòdó, lẹ́yìn ọjọ́ méjì èèrà á ti tẹ́ ẹní síbẹ̀. Ewé lásán ni kẹ́ ẹ lò, èyí tẹ́ ẹ ti pò, torí èyí tẹ́ ẹ ò tíì pò ṣì ní káféènì, ìyẹn ohun inú tíì tó ń lé oorun lọ, tó pọ̀ nínú, ìyẹn sì lè dí irúgbìn kéékèèké lọ́wọ́ kó má hù dáadáa. Ẹ pò ó mọ́ iyẹ̀pẹ̀, ẹ má tò ó jọ sórí ilẹ̀ gbagidi, á dì, omi ò ní wọlẹ̀, àwọn kòkòrò dúdú tíntìntín á wá máa fò níbẹ̀. Wọ́n tún máa ń sọ pé tíì máa ń kan bí ọsàn wẹ́wẹ́, pé á ba ilẹ̀ jẹ́, ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀, nígbà tẹ́ ẹ bá ti pò ó tán kò fi bẹ́ẹ̀ kan mọ́. Oúnjẹ wà nínú ẹ̀ fún ewéko lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó dìgbà tó bá jẹrà kó tó jáde, ẹni tó ń dúró dè é kí tòmátì ẹ̀ so lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ á dúró pẹ́. Ẹ dà á sórí òkìtì èèpo iṣu àti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń jẹrà lẹ́yìn ilé, ibẹ̀ ló yẹ ẹ́. Ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jinná ṣì ju ú lọ fíìfíì. Bí ajá bá sì wà nílé, ẹ má jẹ́ kó kan ewé yìí, káféènì máa ń ṣe ajá léṣe. Ẹ má sì dà á sínú sínkì o, á dí i.

Èyí tí kò sẹ́ni tó ń ṣe fídíò ẹ̀ ni ilẹ̀ gbígbá, bóyá torí kò rẹwà lójú ni. Ìyá àgbàlagbà kan tí mo tọ́jú ní Birmingham kì í jẹ́ kí n da ewé inú ìkòkò tíì ẹ̀ nù. Á ní kí n fún un títí tí omi ò ní kán mọ́, á ní kí n fọ́n ọn sílẹ̀ kọ́rídọ̀ onípákó ẹ̀, kí n tó mú ìgbálẹ̀. Mo rò pé arúgbó ló ń ṣe é, àfi ìgbà tí mo gbá a tí eruku ò fò, gbogbo ẹ̀ lẹ̀ mọ́ ewé, ó yí jọ bí ẹ̀bà. Ìyá ìyá ẹ̀ tó ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ nílé olówó ló ti mú un wá, torí nílẹ̀ wọn tíì jẹ́ nǹkan ọ̀wọ́n rí, kó tó di ọdún 1784 tí wọ́n gé owó orí ẹ̀ láti 119% sí 12.5%, àwọn olówó máa ń fi kọ́kọ́rọ́ ti àpótí ẹ̀ pa ni, kò sẹ́ni tó máa lò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó dà á nù. Àwọn ará Japan náà ń fọ́n ọn sórí ẹní tatami wọn. Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ìlọrin, lásìkò ọyẹ́ tí eruku bá wọlé tó bo gbogbo sìmẹ́ńtì, ẹ gbìyànjú ẹ̀, ẹ̀ ẹ́ rí i pé ẹ ò ní sín. Orí kápẹ́ẹ̀tì funfun tàbí táìsì tí kò dán ni kẹ́ ẹ má fọ́n ọn sí, tánnìn á fọwọ́ síwèé níbẹ̀.

Irun? Omi tíì dúdú tó ti tutù lè mú kí irun dúdú tàn díẹ̀, á sì fi àwọ̀ sí ewú fẹ́ẹ́rẹ́ títí dìgbà tẹ́ ẹ máa fọ orí lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì. Ó tún lè jẹ́ kí irun gbẹ pákápáká, kẹ́ ẹ fi òróró tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá ní ó ń mú irun hù níbi tó ti pá, ẹ ní kó yọ fìlà tiẹ̀ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò ó. Ti kí wọ́n máa fi ewé tíì lé ojú tó wú, tutù ẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́, aṣọ mímọ́ tẹ́ ẹ rì sínú omi tútù náà á ṣe é, bó bá sì jẹ́ àpólò, ẹ má fi ewé kankan kan ojú yẹn, ẹ lọ sílé ìwòsàn.

Bí àwọn ọmọ ò bá mu ún, wọ́n lè jẹ ẹ́ lára ẹyin. Wọ́n ń tà á kiri ní Ṣáínà àti Taiwan: ẹ bọ ẹyin kó jinná, ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí lu èèpo ẹ̀ kó sán káàkiri, ẹ má bó o, kẹ́ ẹ wá dá a padà sínú omi tó ní ewé tíì ṣíbí 3, sọ́ọ̀sì sọ́yà, iyọ̀ àti ata ilẹ̀ díẹ̀, iná kékeré fún wákàtí kan, kí ó sun inú omi yẹn mọ́jú nínú fìríìjì. Lọ́jọ́ kejì tẹ́ ẹ bá bó o, ara ẹ̀ á ti ní ìlà wẹ́wẹ́ aláwọ̀ tíì káàkiri, bí àdìrẹ alábẹ́là gẹ́lẹ́, àwọn ọmọ tèmi máa ń jà sí èyí tó lẹ́wà jù ni. Iṣẹ́ tánnìn yẹn náà ni, ohun tí mo ń rí lára aṣọ ni mò ń rí lára ẹyin.

Nínú kílò 2 yẹn, ẹ tọ́jú ìdajì kílò sínú agolo fún àlejò tó mọ tíì mu, ẹ kó ife 2 sọ́tọ̀ fún agbada bẹ́ ẹ bá ní, ìyókù á tó yín rẹ aṣọ dáadáa. Ní ti kọ́tìnnì yẹn gan-an, ẹ kọ́kọ́ sun fọ́nrán ẹ̀ wò bí mo ṣe sọ. Bó bá jẹ́ òwú, ẹ fọ̀ ọ́ lọ́fọ̀ọ́tun, kẹ́ ẹ tún un rẹ̀ nínú omi tẹ́ ẹ ti sẹ́, ojú tótò ẹ̀ á fara pamọ́ bí àwọ̀ ẹ̀ bá jìn tó. Bó bá yọ́ tó di kóró, tíì ò tíì wọ inú ẹ̀ lọ, bílíìsì tó pò mọ́ omi á mú un jáde, ṣùgbọ́n ẹ fi omi ṣàn án nígbà mẹ́ta ó kéré tán kí fínígà tẹ́ ẹ dà sí i kúrò pátápátá kí bílíìsì tó kàn án, torí bí bílíìsì bá pàdé fínígà, gáàsì olóró tó ń jáde lára wọn máa ń fún èèyàn lọ́fun. Ìta gbangba ni kẹ́ ẹ ti ṣe é, kí àwọn ọmọ wà nínú ilé, kẹ́ ẹ wá sá a síbi tí atẹ́gùn wà.